Bí A Ṣe Ń Yan Ṣọ́ọ̀kù Ẹ̀yìn fún Triumph Bonneville àti Àwọn Alùpùpù Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Tí ẹni tó ń gun Bonneville bá fẹ́ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé ilé-iṣẹ́ wo ló ń ṣe èyí tó dára jù. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa bèèrè àwọ̀ sípíríǹgì. Ohun tí èmi máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé: kílò mélòó ni ẹ wọ̀n pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì, bàtà àti akoto lára yín, ṣé ẹ sì máa ń gbé èèyàn sẹ́yìn? Inú ìdáhùn yẹn ni ṣọ́ọ̀kù tó tọ́ sí yín wà. Ṣọ́ọ̀kù olówó gọbọi tí sípíríǹgì rẹ̀ kò bá ìwúwo yín mu yóò máa jó yín lórí ìjókòó títí ẹ ó fi délé. Èyí tówó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí sípíríǹgì rẹ̀ sì bá yín mu, yóò gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ láìsí ẹ̀yìn dídùn.

Àwọn alùpùpù tí mo ní lọ́kàn ni àwọn tí wọ́n ń ṣe lóde òní, ṣùgbọ́n tí ìrísí wọn jẹ́ ti àtijọ́: Bonneville T100 àti T120, Street Twin (tó ti di Speed Twin 900 báyìí), Royal Enfield Interceptor 650 àti Continental GT 650, Kawasaki W800. Gbogbo wọn ló ní ṣọ́ọ̀kù méjì lẹ́yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọdún 1959 ni Triumph kọ́kọ́ gbé orúkọ Bonneville jáde. Wọ́n jí i dìde ní 2001 ní Hinckley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì di 2016, èyí tí omi ń mú ẹ́ńjìnì rẹ̀ tutù dé. Ẹ́ńjìnì wọn dára, bíréèkì wọn dára. Ibi tí owó ti sábà máa ń dín kù ni ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn. Ẹ wo Thruxton R tó jáde ní 2016 yẹn: ṣọ́ọ̀kù Öhlins, tó lówó lórí, ni Triumph fi sẹ́yìn rẹ̀. T120, tí ẹ́ńjìnì tirẹ̀ náà jẹ́ 1200 cc, gba ṣọ́ọ̀kù KYB tó jẹ́ pé preload nìkan, ìyẹn bí wọ́n ṣe ti sípíríǹgì láti ìdí tó, ló ṣe é yí lára rẹ̀. Wọ́n mọ ohun tó dára. Iye tí wọ́n fẹ́ tà á ni wọ́n rò.

Iṣẹ́ méjì inú ṣọ́ọ̀kù kan

Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Òun ló gbé alùpùpù àti ẹni tó gùn ún dúró. Bí táyà bá gun òkè gálọ́ọ̀pù, sípíríǹgì á fún pọ̀, lẹ́yìn náà á fẹ́ ta padà pẹ̀lú gbogbo agbára tí wọ́n fi fún un pọ̀. Tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló wà níbẹ̀, alùpùpù á kàn máa fò sókè, á máa fò sílẹ̀ ni. Ọ́ìlì tó wà nínú ọ̀pá ni kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Písítìnì kékeré kan ń rìn nínú ọ́ìlì yẹn, ọ́ìlì sì gbọ́dọ̀ gba ihò tóóró àti àwọn wáṣà pẹlẹbẹ kọjá kí písítìnì tó lè rìn. Ìdènà yìí ni wọ́n ń pè ní damping. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ṣọ́ọ̀kù ń wọlé ni compression. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tó ń jáde padà ni rebound.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí àwọn bá yí preload sókè, sípíríǹgì ti le sí i nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Preload kàn ń ti sípíríǹgì láti ìdí ni, kí ẹ̀yìn alùpùpù lè ga sí i. Sípíríǹgì tó rọ̀ ṣì rọ̀ síbẹ̀. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni ìṣirò tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ rí i dájú pé ṣọ́ọ̀kù ló jẹ̀bi

Kí ẹ tó náwó, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà láàárọ̀ nígbà tí kò tíì gbóná, kí ẹ sì fi wé iye tó wà nínú ìwé alùpùpù. Ẹ wo ṣéènì: èyí tó le jù kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn wọlé bó ṣe yẹ. Ẹ gbé ẹ̀yìn alùpùpù kúrò nílẹ̀, kí ẹ di táyà mú, kí ẹ tì í sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń mì, béárìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tàbí béárìn swingarm, ìyẹn irin gígùn tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, ló ti jẹ. Ṣọ́ọ̀kù kankan ò lè wo ìyẹn sàn.

Lẹ́yìn náà ẹ wo ṣọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìka nu ọ̀pá dídán tó ń wọ inú rẹ̀. Tí ìka bá jáde pẹ̀lú ọ́ìlì, sílì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, ti lọ. Ẹ tẹ ẹ̀yìn ìjókòó mọ́lẹ̀ tagbáratagbára, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó dìde lẹ́ẹ̀kan, kó sì dúró. Tó bá tún lọ sílẹ̀ tó tún padà wá, ọ́ìlì inú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀kù tó bá alùpùpù wá láti ilé-iṣẹ́ ni kò ṣe é tú, nítorí náà tí wọ́n bá ti kú, wọ́n ti kú nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn sag

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, owó kankan ò sì bá a lọ. Iye tí ẹ̀yìn alùpùpù fi ń rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ẹrù ni wọ́n ń pè ní sag. Ẹ ó nílò èèyàn méjì tí yóò ràn yín lọ́wọ́, téèpù ìwọ̀n kan, àti bíírò.

Ẹ wá ojú kan lábẹ́ ìjókòó tàbí lára mọ́gáàdì, tó wà ní òkè gangan irin tó gba àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọjá. Ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ ọn kó má baà pòórá mọ́ yín lójú. Láti àárín irin yẹn dé bébà yẹn ni ẹ ó máa wọ̀n nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èyí àkọ́kọ́: ẹ gbé ẹ̀yìn alùpùpù kúrò nílẹ̀ pátápátá, kí táyà máa fì. T120 ní sítáńdì àárín, ó rọrùn fún un. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ pè é ní A.

Èyí kejì: ẹ gbé e sílẹ̀ kó dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kó dìde fúnra rẹ̀, kí ẹ wọ̀n. Ẹ tún gbé e sókè díẹ̀ kó rọra rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n. Iye méjèèjì kì í sábà dọ́gba, torí sílì àti búùṣì máa ń di ọ̀pá mú díẹ̀. Àárín méjèèjì ni ẹ ó mú, òun ni B. Tí ìyàtọ̀ àárín wọn bá pọ̀ jù, ohun kan ń há níbìkan nìyẹn.

Èyí kẹta: ẹ wọ gbogbo aṣọ tí ẹ fi ń gùn ún, ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó, kí ẹsẹ̀ yín méjèèjì wà lórí irin ìtẹ̀sẹ̀. Ẹnì kan á di iwájú mú, ẹnì kejì á wọ̀n. Ẹ ṣe é bíi ti B, lẹ́ẹ̀mejì. Òun ni C.

A yọ B kúrò nínú rẹ̀ ni sag alùpùpù nìkan. A yọ C kúrò nínú rẹ̀ ni sag pẹ̀lú yín. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn T120 lè rin 120 mm lápapọ̀. Fún ojú títì, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìyẹn ló dára kí sag pẹ̀lú yín jẹ́, ìyẹn 36 mm. Láti 30 dé 40 kò burú. Sag alùpùpù nìkan sì dára kó wà láàárín 8 àti 15 mm. Tí tiyín bá jẹ́ alùpùpù mìíràn, ẹ wo iye tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń rìn nínú ìwé rẹ̀, kí ẹ ṣe irú ìṣirò yìí kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kí òǹkà mú sípíríǹgì fún yín

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní A jẹ́ 612 mm, B jẹ́ 600, C jẹ́ 566. Sag alùpùpù nìkan jẹ́ 12 mm, èyí dára. Sag pẹ̀lú ẹni tó gùn ún jẹ́ 46, ó ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á mú sípánà, wọn á yí preload sókè títí 46 yóò fi di 36. Ṣùgbọ́n bí preload ti ń gbé ọ̀kan sókè ló ń gbé èkejì, nítorí náà sag alùpùpù nìkan náà á wálẹ̀ láti 12 sí 2. Nígbà tó bá ti di 2, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò ní àyè láti sọ̀kalẹ̀ mọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá já kúrò lábẹ́ rẹ̀. Táyà á máa fò kọjá lórí kòtò dípò kó tẹ̀ lé ilẹ̀. Sag pẹ̀lú yín tó dára, sag alùpùpù nìkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo: sípíríǹgì tó rọ̀ jù nìyẹn. Tí tẹni tó gùn ún bá dára, ṣùgbọ́n tí ti alùpùpù nìkan kọjá 20, sípíríǹgì le jù.

Iye tí ara yín nìkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú àpẹẹrẹ yìí ni 46 yọ 12, ìyẹn 34 mm. Ohun tí a fẹ́ ni 36 yọ 10, ìyẹn 26. Ẹ pín 34 sí 26: ó jẹ́ 1.3. Sípíríǹgì tí ẹ nílò gbọ́dọ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po 1.3. Ká ní ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ 16 N/mm (òun ni ìwọ̀n líle sípíríǹgì), ẹ ó wá nǹkan bí 21. Tí ara ẹni tó gùn ún bá fúyẹ́, tó jẹ́ pé 18 mm péré ló tẹ̀ ẹ́, 18 sí 26 jẹ́ 0.7, ó nílò èyí tó rọ̀ ju ti ilé-iṣẹ́ lọ. Àwọn ẹni tí kò wúwo ni wọ́n máa ń pa ìyà yìí mọ́ra jù, torí gbogbo èèyàn ń sọ fún wọn pé bí alùpùpù ṣe máa ń le nìyẹn. Kì í ṣe bó ṣe yẹ kó rí.

Ìṣirò yìí péye fún sípíríǹgì tí líle rẹ̀ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí okùn irin rẹ̀ bá sún mọ́ra lápá kan tó sì jìnnà síra lápá kejì, sípíríǹgì tó ń le sí i bó ṣe ń wọlé ni, ẹ ka èsì sí ìfojúdíwọ̀n. Fún ẹni tó ń dá gùn ún, èyí tó dọ́gba ni mo fẹ́ràn, torí ó rọrùn láti bá damping mu. Fún ẹni tó ń gbé ẹrù lónìí tí kò gbé e lọ́la, èyí tó ń le sí i náà ní àǹfààní tirẹ̀.

Àwọn kan á kọ N/mm, àwọn kan á kọ kg/mm, àwọn ará Amẹ́ríkà á kọ lb/in. 1 kg/mm jẹ́ nǹkan bí 9.8 N/mm, ó sì jẹ́ nǹkan bí 56 lb/in. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má baà fi òǹkà ọ̀kan wé ti èkejì.

Ní ti ẹni tí ẹ ń gbé sẹ́yìn: tí ìyàwó tàbí ọkọ yín bá ń bá yín gùn ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ mú sípíríǹgì tó bá ìwúwo tiyín nìkan mu, kí ẹ máa fi preload wá àyè fún un ní ọjọ́ tó bá gùn ún. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń rìn lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ sọ ìwúwo ẹni méjèèjì fún ẹni tó ń tà á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: gígùn, àyè, àti ojú tó ti máa wọ̀

Láti àárín ojú òkè dé àárín ojú ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn gígùn ṣọ́ọ̀kù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ dúró lórí gígùn tí ilé-iṣẹ́ ṣe é, àfi tí ẹ bá ní ìdí gidi. Èyí tó fi 10 mm gùn jù yóò gbé ìdí alùpùpù sókè, iwájú á yára yí sí i, ṣùgbọ́n alùpùpù á tún dà jù tí ẹ bá gbé e lé sítáńdì ẹ̀gbẹ́, sítáńdì àárín sì lè má gbé táyà kúrò nílẹ̀ mọ́. Àwọn tó fẹ́ kó rẹlẹ̀ torí ẹsẹ̀ wọn kò kanlẹ̀ a máa ra èyí tó kúrú: sáléńsà á máa ha títì níbi kọ́nà, táyà lè kan abẹ́ mọ́gáàdì nígbà tí ẹrù bá pọ̀, alùpùpù sì lè ṣubú láti orí sítáńdì ẹ̀gbẹ́ torí ó dúró ṣánṣán jù. Ó sàn kí wọ́n gé fóòmù ìjókòó.

Ẹ sọ orúkọ àti ọdún alùpùpù yín gẹ́ẹ́ fún ẹni tí ẹ fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bonneville 2001 sí 2015 àti ti 2016 síwájú kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ojú bá tilẹ̀ ń fi wọ́n pe ara wọn. Ẹ bèèrè bóyá búùṣì tó bá bọ́ọ̀tì yín mu wà nínú páálí rẹ̀. Tí ẹ bá ń so báàgì mọ́ ẹ̀gbẹ́, ẹ wọn àyè tó wà níbẹ̀, pàápàá tí ṣọ́ọ̀kù tó wù yín bá ní ìgò gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: irú èyí tí ẹ fẹ́ sanwó lé lórí

Èyí tó rọrùn jù ni èyí tí ọ́ìlì àti gáàsì jọ wà nínú ọ̀pá kan láìsí ohun tó pín wọn níyà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lójú títì. Ṣùgbọ́n tí gálọ́ọ̀pù bá ń tẹ̀ lé gálọ́ọ̀pù, gáàsì á pò mọ́ ọ́ìlì, damping á sì máa rọ̀. Irú kejì ní písítìnì mìíràn tó ya gáàsì nitrogen sọ́tọ̀ kúrò lára ọ́ìlì, ó lè jẹ́ nínú ọ̀pá kan náà tàbí nínú ìgò ẹ̀gbẹ́. Ìgò ẹ̀gbẹ́ ń fún ọ́ìlì láyè sí i kó lè tutù. Kì í ṣe gbogbo ìgò ẹ̀gbẹ́ ló ní nǹkan gidi nínú o. Àwọn mìíràn kàn wà fún ẹwà.

Tó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni owó yín ká lẹ́yìn preload, ẹ mú èyí tí rebound rẹ̀ ṣe é yí. Òun ló ń yanjú bí ẹ̀yìn ṣe ń padà bọ̀ sípò, òun sì ni ara ń tètè mọ̀. Compression tó ṣe é yí dára fún ẹni tó mọ ohun tó ń wá. Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù gbogbo kíníkíní tó ń yí lọ ni pé kí ṣọ́ọ̀kù náà ṣe é tú, kí ọ́ìlì àti sílì rẹ̀ ṣe é pààrọ̀, kí wọ́n sì lè yí sípíríǹgì rẹ̀ tí ìwúwo yín bá yí padà.

Ní ti ilé-iṣẹ́: Hagon ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lariwo, wọ́n sì máa ń bèèrè ìwúwo ẹni kí wọ́n tó fi sípíríǹgì sí i. Ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n kò lè fi wọ́n ṣòfò. YSS láti Thailand ní oríṣiríṣi, láti èyí tí kò díjú dé èyí tó díjú. Ikon ní Australia ló jogún iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kù alùpùpù tí Koni ń ṣe tẹ́lẹ̀. Progressive Suspension wà ní Amẹ́ríkà, Wilbers ní Jámánì, Bitubo ní Ítálì. Nitron, Maxton àti K-Tech jẹ́ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Öhlins sì jẹ́ ti Sweden. Ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn tí yóò lo alùpùpù náà pẹ́ kò ní kábàámọ̀ lórí àwọn mẹ́rin ìkẹyìn yìí, tó bá rí owó wọn. Ayédèrú Öhlins pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí owó rẹ̀ bá fi púpọ̀ kéré sí ti ṣọ́ọ̀bù tí ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí, ẹ má fi ẹ̀mí yín dán an wò.

Ẹni tó fẹ́ gùn ún ní Nàìjíríà ní láti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Kòtò wa máa ń ní etí mímú, compression tó le jù á máa gbé gbogbo rẹ̀ dé eegun ẹ̀yìn. Eruku náà sì ń jẹ sílì, nítorí náà ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ nu ọ̀pá dídán yẹn lóòrèkóòrè.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi í sí i

Ẹ gbé alùpùpù sórí sítáńdì tó dúró sán-ún. Ọ̀kan ni kí ẹ tú lẹ́ẹ̀kan: ẹ tú ti ọ̀tún, ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ tó fọwọ́ kan ti òsì. Bí ẹ bá tú méjèèjì pọ̀, swingarm á já wálẹ̀. Tí ihò kò bá bára mu, ẹ fi pákó kékeré sábẹ́ táyà kí ẹ gbé e díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi òòlù lu bọ́ọ̀tì wọlé. Sípánà tó ń ka agbára ni kí ẹ fi dè é, sí iye tí ìwé alùpùpù sọ. Kí ẹ tó gùn ún, ẹ tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ wò ó bóyá ohunkóhun ń kan ṣéènì tàbí sáléńsà.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ tò ó

Ẹ tún sag wọ̀n, kí ẹ fi preload mú un dé iye tí a sọ. Kí ọ̀tún àti òsì dọ́gba nígbà gbogbo. Lẹ́yìn náà ló kan rebound. Ẹ rọra yí i sápá ọ̀tún títí yóò fi dúró, kí ẹ máa ka "kirẹ́" tó ń dún bí ẹ ti ń yí i padà, títí dé iye tí ilé-iṣẹ́ kọ. Ẹ yan ọ̀nà kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, tó ní kọ́nà àti gálọ́ọ̀pù, kó má jìnnà sílé. Ẹ gùn ún, ẹ yí kirẹ́ méjì, ẹ tún gùn ún. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Tí ìdí bá ń fì lẹ́yìn gálọ́ọ̀pù tàbí láàárín kọ́nà, rebound kéré jù. Tó bá jẹ́ pé gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ rọ̀, ṣùgbọ́n ìkẹta àti ìkẹrin ń le sí i, rebound ti pọ̀ jù: ṣọ́ọ̀kù kò ráyè jáde tán kí òmíràn tó dé. Àṣìmú máa ń wà níbí, torí ẹni tó bá rí i pé ó le á lọ dín preload kù, nǹkan á sì burú sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò yín pé ẹ ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù, torí àyípadà lára alùpùpù ni wọ́n kà á sí. Ìdánwò MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún níbẹ̀, náà ń wo ṣọ́ọ̀kù tó ń jo.

Sípíríǹgì tuntun máa ń rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan. Ẹ tún sag wọ̀n nígbà náà, kí ẹ sì tún fi sípánà yẹ bọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà yẹn ni ẹ máa tó mọ̀ bí fọ́ọ̀kì iwájú ṣe rọ̀ tó, torí ẹ̀yìn tó ń fì ló ti ń bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀ látẹ̀yìnwá. Sípíríǹgì tó bá ìwúwo yín mu àti ọ́ìlì tuntun sábà máa ń tó o. Kò pọn dandan kí ẹ ra fọ́ọ̀kì mìíràn.